Ojú Tí Ìyá Mi Fi Wò Mí

Ọjọ́rú, 3 Júláì 1912

Òjò rọ̀ láti ìdájí títí di ìyálẹ̀ta. Ọjà Ọba ṣófo. Ìyá mi jókòó ti igbá òwú wọn, ọwọ́ ọ̀tún wọn ń gbọ̀n lórí itan bí ó ti ń gbọ̀n láti ọdún tó kọjá, gbogbo wa sì ti fi í sílẹ̀ pé ọwọ́ àgbà ni. Ohun tó ká mi lára lónìí ni abala òfì méjì tí wọ́n rán pọ̀. Ó wọ́. Ìlà pupa kò bá ìlà pupa mu rárá. Ìyá mi yìí kan náà ni wọ́n máa ń tú iṣẹ́ mi palẹ̀ nítorí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó yà sí ẹ̀gbẹ́. Mo dúró títí wọ́n fi lọ kírun, mo tú u, mo rán an padà. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n sì ká a.

Jímọ́ọ̀ ni àwọn ará Kuta ń bọ̀ wá tọrọ mi. N kò ní kọ orúkọ ọkùnrin náà síbí, nítorí n óò kàn jókòó máa wò ó ni. Mùrí. Ó dára, mo ti kọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 4 Júláì

Àgbàdo tútù ti pọ̀ lọ́jà, ó ti di mẹ́fà ní kọ́bọ̀ kan. Bàbá Kékeré, ìyẹn Àlàní àbúrò bàbá mi, tó di olórí ilé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ń fi ọ̀rọ̀ tí wọn yóò sọ lọ́la dánra wò nínú ọ̀ọ̀dẹ̀. Wọ́n ń bi ara wọn, wọ́n sì ń dá ara wọn lóhùn. Ìyá mi kò ní sọ̀rọ̀ ní tiwọn, ìyá ìyàwó kì í sọ̀rọ̀ níwájú àlejò. Ojú ni wọ́n fi ń sọ ọ́, bí àwọn ìyá ti ń ṣe.

Mo pe àwọn ọmọ Bàbá Kékeré jọ, mo kọ́ wọn ní ojú ìyá mi kí wọn má baà dójú tì wá. Mo ní bí Ìyá bá ṣẹ́jú, tí wọ́n sì wo ẹnu ọ̀nà, ẹ jáde. Bí wọ́n bá wo ilẹ̀, ẹ kúnlẹ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ́jú pẹ̀lẹ́, tí wọ́n wo ọwọ́ àlejò, ẹ gbà á, kí ẹ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tẹjú mọ́ yín tí wọn kò ṣẹ́jú, ohunkóhun tí àlejò bá nà sí yín, ìbáà ṣe ẹran, ẹ má gbà á. Èyí tó kéré jù nínú wọn béèrè pé bí kò bá dá òun lójú ńkọ́. Mo ní kí ó bi Ìyá nígbà náà. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ẹni tí í bi ìyá léèrè ìtumọ̀ ojú tí wọ́n fi wo èèyàn. Ọmọ tó bá bi í kò mojú nìyẹn, wọn yóò sì ní a kò kọ́ ọ nílé.

Jímọ́ọ̀, 5 Júláì

Mo kọ̀. N kò fẹ́ kọ̀, mo sì kọ̀.

Àbámẹ́ta, 6 Júláì

Ọwọ́ mi ti balẹ̀ díẹ̀, mo lè kọ ọ́ lónìí.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ ni wọ́n dé. Mùrí dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Kékeré, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi. Ràhámọ̀tù, ìyá Mùrí, ti ń ra òwú lọ́wọ́ ìyá mi láti ìgbà tí èmi àti Mùrí kò tíì mọ aṣọ wọ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ àti ìyàwó ni wá. Nítorí náà kò sí ẹni tó rò pé nǹkan kan lè ṣẹlẹ̀. Bàbá Kékeré sọ ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n gbàgbé àárín rẹ̀, wọ́n fi àdúrà dí i. Lẹ́yìn náà ni Ràhámọ̀tù tú ẹrù wọn, wọ́n fa aṣọ òfì kan yọ, aláró tó ní ìlà funfun. Mùrí fúnra rẹ̀ ló hun ún. Wọ́n nà án sí mi. Bí mo bá ti gbà á, mo ti gbà láti fẹ́ ẹ nìyẹn.

Mo kúnlẹ̀. Mo wo ojú ìyá mi, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó mojú ti ń ṣe.

Wọ́n tẹjú mọ́ mi. Wọn kò ṣẹ́jú. Mo dúró dè wọ́n títí ojú fi ń ti èmi gan-an, pé bóyá wọn yóò ṣẹ́ ẹ, wọn kò ṣẹ́ ẹ. Ojú náà le koko. Ẹ̀rín kò sí níbẹ̀, ibínú kò sí níbẹ̀. Láti kékeré mi n kò rí i kí ó le tó bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà wọ́n yí gbogbo orí sọ́dọ̀ Ràhámọ̀tù, wọ́n sì ranjú mọ́ àwọn náà. Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn, mo ní kí wọ́n má bínú. Mùrí wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mo sọ. Ràhámọ̀tù ká aṣọ náà, wọ́n kó igun rẹ̀ sí igun, wọn kò kánjú, wọ́n sì dìde.

Ìyá mi kò sọ nǹkan kan. Èmi náà kò béèrè.

Ìṣẹ́gun, 9 Júláì

Bàbá Kékeré ní àwọn kò ní bá mi sọ̀rọ̀ títí n óò fi sọ ohun tí Mùrí ṣe fún mi. Kò ṣe nǹkan kan fún mi. Ṣé kí n wá sọ fún wọn pé ìyá mi ni? Bí Ìyá bá fẹ́ kí ayé mọ̀, wọn ìbá fi ẹnu sọ ọ́. Mo ń bínú sí Ìyá, mo sì ń gbé omi ìwẹ̀ sílẹ̀ fún wọn láràárọ̀. Àwọn náà kì í dúpẹ́ tó bí ti tẹ́lẹ̀. Ohùn wọn ti kéré débi pé bí wọ́n bá tilẹ̀ dúpẹ́, n kò ní gbọ́.

Jímọ́ọ̀, 19 Júláì

Tinúkẹ́ tó ń ta aró nítòsí wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí n bá ìyá mi sọ̀rọ̀, pé àwọn oníbàárà ti ń yà kúrò lọ́dọ̀ wa. Obìnrin kan láti Ilé-Ogbó dúró ná aṣọ láàárọ̀, Ìyá kàn ranjú mọ́ ọn láìṣẹ́jú, obìnrin náà sì bínú lọ. Tinúkẹ́ ní Ìyá ń wo èèyàn bí ẹni ń wo olè. Mo sọ fún un pé kí ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé irọ́ ló ń pa. Ìyá mi ti korò. Mo rò ó títí mo fi dé ilé, ó sì dùn mí gan-an.

Ọjọ́rú, 24 Júláì

Ìyá ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ọ̀ọ̀dẹ̀. Orúnkún bó, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣísẹ̀ wọn ti kéré, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní òkúta ìgbẹ́sẹ̀ méjì ni àwọn rí, àwọn sì tẹ èyí tí kò sí níbẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni, inú mi sì dùn díẹ̀ pé wọ́n tún ń bá mi ṣàwàdà.

Àbámẹ́ta, 3 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mùrí dúró dè mí lójú ọ̀nà odò. Mo fẹ́ yà sínú igbó, ṣùgbọ́n ìkòkò wà lórí mi, báwo ni èèyàn ṣe ń fi ìkòkò sá lọ? Ó ní kí n gbé e kalẹ̀. N kò gbé e kalẹ̀.

Ó ní, "Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni o kò fẹ́ mi, sọ ọ́, n óò máa lọ."

Mo ní, "Kì í ṣe èmi."

"Ta ni?"

Mo di ìkòkò mú ṣinṣin. N kò lè fi ìyá mi sùn níwájú ẹni tí wọn kò fẹ́. Ó wá sọ fún mi pé ojú ti ìyá òun gidigidi, wọ́n sì ti rí ìdílé kan ní Ilé-Ogbó tó ní ọmọbìnrin. Òun ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró di ìgbà tí a bá túnu ààwẹ̀. Lẹ́yìn Ìtúnu, ẹnu òun kò ní gbà á mọ́. Ó bá tirẹ̀ lọ. Omi dà sí mi lára láti òkè dé ilẹ̀, ó sì wúlò, nítorí ẹkún tí mo sun kò hàn.

Ọjọ́rú, 14 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ojú ọjọ́ ṣú, òjò kò rọ̀. Iṣu tuntun ti jáde, ṣùgbọ́n ó ṣì gbówó lórí. Oṣù kan péré ni Mùrí fi sílẹ̀ fún mi, n kò sì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Àbámẹ́ta, 17 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo fẹ́ kọ èyí kí ó tó bọ́ lórí mi.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, a jókòó láti ṣínu. Ìyá fúnra wọn ló bu àkàrà fún àwọn ọmọ Bàbá Kékeré. Wọ́n nà án sí wọn, wọ́n ní kí wọ́n gbà á. Àwọn ọmọ náà kúnlẹ̀, wọ́n wo ojú Ìyá, wọ́n sì ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ìyá tún ní kí wọ́n gbà á. Wọn kò gbà á. Èyí tó kéré jù ń wo àkàrà, ó ń wo Ìyá, ó ń wo èmi, ó sì bú sẹ́kún.

Ìyá ní, "Kí ni mo ṣe tí àwọn ọmọ yìí fi ń bẹ̀rù mi?"

Ìgbà náà ni mo wo ojú ìyá mi. Kì í ṣe wíwò tí ọmọ ń wo ìyá, tí a ń wò tí a sì ń tètè gbé ojú kúrò. Mo wò ó bí mo ti ń wo aṣọ tí mo fẹ́ rà. Ó le koko, ó dúró, kò ṣẹ́. Ojú pé kí ẹ má gbà á ni. Ẹnu wọn sì ń sọ pé kí wọ́n gbà á. Eṣinṣin kan bà sí igun ojú náà, ó rìn lórí ìpéǹpéjú, ìyá mi kò sì ṣẹ́jú sí i. Àwọn ló gbé ọwọ́ tó ń gbọ̀n sókè nígbẹ̀yìn, tí wọ́n lé e.

Àkàrà ti tutù kí n tó rántí pé ebi ń pa mí. Kì í ṣe pé ìyá mi ń sọ fún àwọn ọmọ náà pé kí wọ́n má gbà á. Ojú wọn ni kò lè ṣẹ́ mọ́. Bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀ lónìí, báwo ló ṣe rí lọ́jọ́ tí àwọn ará Kuta wá?

Àìkú, 18 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo bi wọ́n. Mo kọ́kọ́ gbá gbogbo ilé, mo fọ aṣọ tó mọ́ tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo sì béèrè ohun tí ọmọ kì í béèrè. Mo ní, "Ìyá, ojú tí ẹ fi wò mí lọ́jọ́ tí àwọn Mùrí wá, kí ni ẹ fi sọ?"

Wọ́n yí gbogbo orí sọ́dọ̀ mi. Mo rò pé wọn yóò lé mi síta.

Wọ́n ní, "Mo ní kí o gbà á. Mo ń sọ ọ́ fún ọ, mo ń sọ ọ́, o sì fa ọwọ́ sẹ́yìn. Mo ní ó tán, Ìbàdàn tí mo fi ọmọ mi ránṣẹ́ sí kí ó lọ kọ́ ìwé ti kọ́ ọ ní àìgbọràn. Mo ní bí kò bá fẹ́ ẹ, n kò ní fi ipá mú un."

N kò mọ ìgbà tí mo gbé orí lé itan wọn. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí ni mo ti ń bínú sí wọn, tí àwọn náà ń bínú sí mi, a sì jọ ń jẹun nínú àwo kan. Ojú wọn kò yí padà, ó wà bó ṣe wà, ṣùgbọ́n omi ń ṣàn láti inú rẹ̀ wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Lẹ́yìn náà wọ́n sọ ìyókù. Ó ti pẹ́ tí ojú ti ń ta wọ́n, tí eruku ń kó sí i. Bí wọ́n bá fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́ kan, ojú kì í tètè lọ, orí ni wọ́n ń yí. Ohun tó bá sún mọ́ wọn a di méjì. Ìlà òfì a di méjì, abẹ́rẹ́ a di méjì. Mo bi wọ́n pé lọ́jọ́ náà ńkọ́. Wọ́n ní, "Ràhámọ̀tù méjì ló jókòó síwájú mi. Ẹyọ kan nínú rẹ̀ sì ti tó mi í bá jà."

Mo fi etí gèlè wọn bo ojú òsì, mo na ìka kan. Wọ́n ní ọ̀kan ni. Mo ṣí i, wọ́n ní méjì. A ṣe é títí tí Bàbá Kékeré fi yọjú wá wo ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nínú ilé tó ti dákẹ́ láti oṣù tó kọjá.

Ọjọ́bọ̀, 22 Ọ́gọ́ọ̀sì

Bàbá Kékeré ti bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ti ń bẹ̀rù pé ojú Ìyá ń fọ́ lọ ni, tàbí pé ẹnì kan ló wà nídìí rẹ̀, wọ́n sì pe Oyèlẹ́yẹ, oníṣègùn tó máa ń wá ta egbò igi ní ọjà wa. Ó mú pákò kan, ó ní kí Ìyá má yí orí, kí wọ́n kàn máa fi ojú tẹ̀lé e. Ó gbé e lọ sọ́tùn-ún. Ojú Ìyá lọ díẹ̀, ó dúró lójú ọ̀nà, ó tún lọ díẹ̀, bí ẹni tó ń ti ẹrù wúwo. Mo fi ojú ara mi rí i. Ó bi wọ́n nípa ọwọ́, nípa ẹsẹ̀, nípa ohùn. Ó ní bàbá tó bí òun náà ní irú rẹ̀. Ohun tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, tó sì mú ẹsẹ̀ lọ́ra, òun náà ló mú ojú. Kì í ṣe ìfọ́jú. Kò sí ẹni tó ṣe é sí wọn. Kò sì ní í lọ, òun kò ní purọ́ fún wa. Kí wọ́n máa fi omi tútù bọ́jú, kí wọ́n máa rántí ṣẹ́ ẹ fúnra wọn, kí wọ́n máa bo ẹ̀gbẹ́ kan bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́.

Ó yẹ kí inú mi bàjẹ́ pé kò ní í lọ. Ó bàjẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ara tù mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò korò, wọn kò fọ́jú, wọn kò sì kórìíra ẹni tí mo fẹ́.

Ìṣẹ́gun, 27 Ọ́gọ́ọ̀sì

A ti Kuta dé. Bàbá Kékeré ní àwọn yóò dá lọ bẹ̀bẹ̀, Ìyá ní ojú tó bà á jẹ́ ni yóò lọ tún un ṣe. A yá ẹṣin lọ́wọ́ ará àdúgbò kan. Ìyá mi kò gun ẹṣin rí. Bàbá Kékeré fà á, mo ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ mi ní ẹ̀yìn wọn. Bí ẹṣin bá ti sín, gbogbo wa a dúró.

Ràhámọ̀tù ń gbọn òwú nínú àgbàlá. Wọn kò dìde. Wọ́n kí wa bí a ti ń kí àjèjì, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Ìyá jókòó sórí ẹní ní iwájú wọn gan-an.

Ràhámọ̀tù ní, "Àjíkẹ́, o wò mí bí ẹni ń wo olè, lójú ọmọ mi. Èmi tí a jọ dàgbà sídìí òwú."

Ìyá ní, "Wò mí báyìí. Ṣé bí mo ṣe wò ọ́ nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni. O tún ń wò mí bẹ́ẹ̀."

"Báyìí náà ni mo ń wo ògiri. Báyìí ni mo wo ẹṣin tó gbé mi wá. Àìsàn ni, Ràhámọ̀tù. Ojú mi kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́. Ẹnu ló kù mí, òun ni mo gbé wá bá ọ. Mo fẹ́ ọmọ rẹ fún ọmọ mi."

Ràhámọ̀tù fi òwú sílẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n rìn padà, wọ́n ń ṣọ́ ojú Ìyá bí ó ti ń tẹ̀lé wọn, tó ń pẹ́ kó tó dé. Wọ́n jókòó. Wọ́n di ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà mú, wọ́n fi etí ìró wọn nu ojú Ìyá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn pé ta ló ń ṣàìsàn tí kì í sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n bú wọn dáadáa. N kò gbọ́ èébú tó dùn létí mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mùrí wà nídìí òfì rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Mo gbọ́ tí ariwo ìhunṣọ rẹ̀ dúró, kò sì tún dún mọ́ títí a fi kúrò.

Ajé, 2 Sẹ̀tẹ́ńbà

Òjò ńlá. Ìyá ta aṣọ mẹ́ta. Bí oníbàárà bá dé, wọ́n ń yára sọ pé, "Ẹ káàbọ̀, inú mi dùn, ẹ má wo ojú mi." Tinúkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi da aró sílẹ̀.

Àbámẹ́ta, 14 Sẹ̀tẹ́ńbà

A túnu lánàá. Àwọn ará Kuta tún wá lónìí. Ọ̀ọ̀dẹ̀ kún, àwọn àgbà ilé pé. Bàbá Kékeré sọ ọ̀rọ̀ wọn láìgbàgbé ibì kan, inú wọn dùn sí ara wọn. Ràhámọ̀tù na aṣọ sí mi. Mo kúnlẹ̀, n kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo tẹ orí ba, mo ń fetí sílẹ̀.

Ilé dákẹ́. Ìyá ìyàwó kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀, gbogbo ayé mọ̀. Mo gbọ́ tí Ìyá ń wá ohùn wọn, tí ó kọ́kọ́ kọ̀ tí kò jáde.

Wọ́n ní, "Adùnọlá, gbà á. Inú mi dùn sí i."

Àgbà kan wúkọ́. Òmíràn wo Bàbá Kékeré pé kí ni èyí. Mo ti gba aṣọ náà, mo ti so ó mọ́ àyà. Mùrí dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, kò sì fẹ́ dìde mọ́, àwọn àbúrò rẹ̀ ló fà á sókè.

Ajé, 16 Sẹ̀tẹ́ńbà

Oòrùn mú díẹ̀. Èmi àti Ìyá jọ ń rán òfì nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n bo ojú kan, mo ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún wọn. Wọ́n mú iṣẹ́ mi, wọ́n yí i sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò pẹ́. Mo ń dúró de ìgbà tí wọn yóò tú u.

Wọ́n ní, "O mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ti pẹ́ tí o ti mọ̀ ọ́n ṣe."

Wọn kò fi ẹnu sọ irú rẹ̀ fún mi rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Bóyá wọ́n ti máa ń fi ojú sọ ọ́, tí èmi kò rí i. Mo ní n kò gbọ́ dáadáa, kí wọ́n jọ̀ọ́ tún un sọ. Wọ́n tún un sọ.